Ojú Ni A Fẹ́ Wọ̀n, Orí Ló Dáhùn

Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ó sì ń dùn mí títí di àkókò yìí. N kò bá fi í pamọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Mo ti jìn sí kòtò. Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí kòtò náà wà hàn yín.

Ní ọdún 2011, àwọn elétò ìlera kan wá sí àdúgbò wa láti yẹ ojú àwọn ènìyàn wò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ta àtíbàbà síwájú mọ́sálásí, wọ́n to bẹ́ǹṣì, èrò sì pọ̀ bí ọjọ́ ọdún Iléyá. Èmi fúnra mi ni mo lọ mú àlùfáà mi wá láti ilé. Ọkùnrin yìí ló kọ́ mi ní álífù àti báà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ bí a ti ń fi tàdáwà kọ wàláà, tí a sì ń fi omi fọ̀ ọ́ nígbà tí a bá ti mọ ohun tó wà lára rẹ̀ sórí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún lọ́jọ́ náà. Al-Kùránì, láti Fátíhà títí dé Násì, inú orí rẹ̀ ló wà.

Wọ́n kọ́kọ́ fi páálí gbígbòòrò kan hàn án lókèèrè. Lẹ́tà E nìkan ló wà lára rẹ̀, àwọn kan kọjú sókè, àwọn kan kọjú sísàlẹ̀, àwọn kan kọjú sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bàbá ń fi ọwọ́ júwe ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Ojú méjèèjì ló là sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó fi ọwọ́ bo ọ̀kan. Ó gba àwọn tó tóbi, ó kùnà àwọn kéékèèké. Wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé káàdì kékeré kan lé e lọ́wọ́ pé kí ó kà á. Bàbá yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan, kúnlẹ̀ tì í. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ rí níbẹ̀?"

Bàbá dáhùn pé, "Ọmọ mi, mo rí i pé ìwé ni. Ṣùgbọ́n ìwé òyìnbó ni, n kò sì lọ sí ilé-ìwé wọn."

Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àlùfáà ò mọ̀wé!" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ẹni tó ti fi àádọ́ta ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé ni wọ́n ń pè ní púrúǹtù nítorí ABD. Mo ki ọwọ́ bọ àpò agbádá mi, mo yọ Al-Kùránì kékeré kan jáde, mo ṣí i sí Sùúrà Yásínì, mo sì gbé e fún un. Bàbá gbé e súnmọ́ ojú, ó ṣe Bísímílà, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń ròkè, ó ń rodò, kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo abẹ́ àtíbàbà pa rọ́rọ́. Mo yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ náà, mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Ojú Bàbá mú ju tiyín lọ." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Bàbá ń ríran kàwé dáadáa. Mo mú Bàbá lọ sílé bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Oṣù mẹ́sàn-án kọjá. Ní ọjọ́ kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan gbé wàláà rẹ̀ wá fún Bàbá kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ náà ti kán ẹ̀kán tàdáwà méjì sí abẹ́ lẹ́tà tí ẹyọ kan yẹ kó wà, báà ti di yáà. Èmi rí i láti ibi tí mo dúró sí. Bàbá ní, "Máṣáállàhù, lọ fọ̀ ọ́." Àyà mi já. Ọkùnrin yìí kan náà ló ní kí n tún wàláà kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà èwe mi nítorí fátíhà kan ṣoṣo, ìyẹn àmì kékeré orí lẹ́tà.

Mo dúró títí àwọn ọmọ fi túká. Mo mú ìwé pélébé kan, mo fi Lárúbáwá kọ orúkọ nǹkan ọjà mẹ́ta sí i: àlùbọ́sà, iyọ̀, okùn. Mo gbé e fún un. Ó wò ó pẹ́ títí. Nígbà tó yá, ó gbé e sílẹ̀ sórí ẹní.

Ó ní, "Ọmọ mi, láti ìgbà òjò èṣí ni ìlà ti ń wọ́ bí ejò lójú mi. Bí mo bá tẹjú mọ́ lẹ́tà kan, ṣe ni àárín rẹ̀ ń di òkùnkùn."

Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?"

Ó ní, "Ìwọ lo gbé Kùránì fún mi láàárín èrò. Ṣé kí n wá ní n kò rí i ni?"

Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí n kò kíyè sí lábẹ́ àtíbàbà. Nígbà tí ẹnu Bàbá ti wọ ojú ewé kejì, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣí ìwé.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àyẹ̀wò fi hàn pé àtọ̀gbẹ wà lára rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, ó sì ti ba awọ tín-ínrín tó wà lẹ́yìn ẹyinjú jẹ́, ní ojúkò ibi tí a fi ń rí lẹ́tà gan-an. Wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ojú ọ̀tún kò bàjẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ti òsì kò padà bọ̀ sípò mọ́. Dókítà sọ fún mi pé bí ó bá jẹ́ ọdún tó ṣáájú ni a mú un wá, ọ̀rọ̀ ìbá sàn ju báyìí lọ.

Mo fi ìtìjú ròyìn ọ̀rọ̀ àtíbàbà fún dókítà náà. Kò bá mi wí. Ìbéèrè ló bi mí: "Àlùfáà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ kan ti lè ka wàláà, ṣé Fátíhà ni ẹ ó kọ fún un?"

Ẹnu mi wọhò. Gbogbo wa tí à ń kọ́ni ní kéwú la mọ̀ pé ọmọ lè ké sùúrà mẹ́wàá láìmọ lẹ́tà mẹ́wàá. Nítorí náà ni a ṣe máa ń fi ọwọ́ bo ìlà, tí a ó tọ́ka sí lẹ́tà kan láàárín, tí a ó ní, "Kí nìyí?" Mo mọ èyí ní ilé-kéwú. Mo gbàgbé rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Káàdì òyìnbó tí nọ́ọ̀sì gbé wá kò wọn ojú Bàbá, ilé-ìwé tí kò lọ ló wọ̀n. Al-Kùránì tí èmi gbé wá kò wọn ojú rẹ̀ pẹ̀lú, iṣẹ́ tó ti ṣe láti kékeré ló wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀méjì ni a dán an wò, kò sì sí ọ̀kan tí a fi béèrè lọ́wọ́ ojú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí bí àwọn oníṣègùn ojú ti ń ṣe ìdánwò ìwé kíkà. Mo rí i pé àwọn pàápàá ti jìn sí kòtò púpọ̀ kí wọ́n tó rí ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ọjà ṣàlàyé. Bí kọ́ńgò ọjà kan bá jinlẹ̀, tí ti ọjà kejì nísàlẹ̀ rẹ̀ sì wú wọnú, "kọ́ńgò méjì" kì í ṣe ohun kan náà mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kò ní ṣàì mọ̀ pé sùúrà odindi kan wà, ìkẹtàlélọ́gọ́rin, tí a fi àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù sọ ní orúkọ. Òṣùwọ̀n ojú náà, òṣùwọ̀n ni.

Ní ọdún 1854, dókítà kan tó ń jẹ́ Eduard Jaeger, ní ìlú Vienna ní ilẹ̀ Austria, tẹ àwọn ẹsẹ ọ̀rọ̀ jáde fún ìdánwò ojú, láti lẹ́tà kíkéré dé ńlá. Lẹ́tà ilé ìtẹ̀wé ìjọba ló lò, ó sì fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn atẹ̀wé ní ibòmíràn mú nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n sì fi lẹ́tà tiwọn tẹ̀ ẹ́. Báyìí ni nọ́ńbà kan náà ṣe tóbi lára káàdì kan tí ó sì kéré lára òmíràn. Ní ọdún 1862, Herman Snellen ní ìlú Utrecht ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì so ìwọ̀n lẹ́tà pọ̀ mọ́ bí ó ti jìnnà sí ojú tó, òun ló sì fún wa ní irú páálí tí a máa ń wò láti mítà mẹ́fà. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn oníṣègùn ojú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò sórí irú lẹ́tà kan ṣoṣo fún káàdì ìwé kíkà, wọ́n sì ń fi N àti nọ́ńbà pè é, bíi N5, N6, N8. Nọ́ńbà yìí ni ìwọ̀n tí àwọn atẹ̀wé ń lò. Ní ọdún 1976, Ian Bailey àti Jan Lovie ní Ọsirélíà tún ìlànà náà ṣe: iye lẹ́tà kan náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sì kéré sí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní ìdá kan náà, bí ìgbà tí a bá yọ ìdá kan kúrò nínú márùn-ún.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà ẹyọ kan kọ́ ni ìwé kíkà. Ní ọdún 1989, Gordon Legge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà gbé ìdánwò kan jáde tí wọ́n ń pè ní MNREAD. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ gùn bákan náà, ọgọ́ta ni iye lẹ́tà àti àlàfo rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Lára káàdì rẹ̀, gbólóhùn ń kéré sí i bí a ti ń sọ̀kalẹ̀. Sẹ̀ńtímítà 40 ni a máa ń fi í jìnnà sí ojú. Ẹni tó ń dán ènìyàn wò a máa wo aago, a sì máa ka iye ọ̀rọ̀ tí onítọ̀hún ṣì. Ohun mẹ́ta ló ń wá: lẹ́tà tó kéré jù tí ojú lè kà, bí ojú ti ń yára kàwé tó nígbà tí lẹ́tà bá tóbi tó, àti ìwọ̀n tó jẹ́ pé bí lẹ́tà bá kéré jù ú lọ, eré ìwé kíkà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí ẹni tó ń fi ipá ka lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn kì í ṣe ẹni tó ń kàwé. Ní ọdún 1998, Wolfgang Radner ní Vienna ṣe irú rẹ̀ ní èdè Jámánì, gbólóhùn tí iye ọ̀rọ̀ wọn dọ́gba, tí ìṣòro wọn sì dọ́gba.

Èyí kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Ibn al-Haytham, Mùsùlùmí tí a bí ní Básírà ní nǹkan bí ọdún 965, kọ Kitáábù Mànásíìrì ní Kairó láàárín ọdún 1011 sí 1021. Nínú rẹ̀ ló ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń ti ara nǹkan wọ inú ojú kí a tó ríran. Kì í gba ọ̀rọ̀ tí kò bá dán wò. Bí irú rẹ̀ bá wà lábẹ́ àtíbàbà lọ́jọ́ náà, ìbá bi mí pé, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé ojú ló ń kà á?"

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ èdè. Ní ọdún 2012, a tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹsẹ ọ̀rọ̀ tí a fi èdè 17 kọ, tí a sì gbìyànjú láti mú dọ́gba, kí a lè fi mọ bí ojú ti ń yára kàwé tó. Wọ́n ń pè é ní IReST. Lárúbáwá wà nínú rẹ̀, Yorùbá kò sí. Àwọn tí ojú wọn dá ṣáṣá ka bí ọ̀rọ̀ 228 ní ìṣẹ́jú kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ka bí 138 ní Lárúbáwá. Ṣé ojú Lárúbáwá ló fọ́ ni? Ó tì o. Ẹ̀yin tí ẹ kéwú, ẹ wo "sayaktubúnahu". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ní Lárúbáwá. Ní Yorùbá, "wọn yóò kọ ọ́" ni, ọ̀rọ̀ mẹ́rin gbáko. Ẹni tó bá fi kọ́ńgò èdè kan wọn ìrẹsì èdè mìíràn, yóò ṣìṣe.

Ìwọ̀n lẹ́tà pàápàá ní wàhálà tirẹ̀. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké bíi a, e, x ga bákan náà, gíga yìí ni a sì fi ń wọ̀n wọ́n. Álífù ga, síìn sì balẹ̀. Èwo ni kí a wọ̀n? Báà, táà àti sáà, ara kan náà ni wọ́n ní, ẹ̀kán ló yà wọ́n. Mo sì tún mọ ohun kan tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà wa púpọ̀ kọ́ Kùránì ní ìlànà Wáríṣì, nínú ọ̀nà ìkọ̀wé àwọn ará Màgíríbù, níbi tí ẹ̀kán fáà wà nísàlẹ̀, tí káàfù sì ní ẹ̀kán kan ṣoṣo lókè. Nínú ìwé àwọn ará ìlà-oòrùn, ẹ̀kán kan ṣoṣo lókè yẹn, fáà ni. Bí a bá gbé káàdì ìlà-oòrùn fún irú àgbà bẹ́ẹ̀, tí ó pe fáà ní káàfù, ojú rẹ̀ kò ṣìṣe rárá. Ní ọdún 2017, Balsam Alabdulkader àti Susan Leat gbé páálí ìdánwò ìwé kíkà jáde ní Lárúbáwá, tí wọ́n tò bí ìlànà òde òní. Inú mi dùn sí i. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lò ó fún àwọn àgbà tiwa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ìwé tí wọ́n fi kọ́ wọn.

Ti Yorùbá ńkọ́? Owó, ọwọ́, ọ̀wọ̀, òwò: àmì kékeré ló yà wọ́n. Bí lẹ́tà bá ti kéré, àmì wọ̀nyí ni ojú máa ń kọ́kọ́ pàdánù, orí a sì máa fi òye kún un. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò Yorùbá kò gbọdọ̀ lo òwe, nítorí ẹnu yóò parí òwe kí ojú tó dé ìdajì rẹ̀. Kò gbọdọ̀ lo oríkì, kò gbọdọ̀ lo ẹsẹ mímọ́. Ó ní láti pinnu bóyá yóò ka àmì ohùn mọ́ iye lẹ́tà. Ó ní láti gbé gbólóhùn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ojú wọn dá, kí ó yọ èyí tó le jù àti èyí tó rọ̀ jù kúrò. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ nípa ìtọ́jú ojú ní yunifásítì, ẹ̀yin tí ẹ mọ kéwú, tí ẹ mọ Yorùbá, tí ẹ sì mọ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ yín nìyí. Ta ni kí a tún máa retí?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2019 pé mílíọ̀nù 826 ènìyàn ni kò rí ohun tó súnmọ́ wọn dáadáa, nítorí àgbà tó dé sí ojú tí wọn kò sì ní awò tó yẹ. Láti nǹkan bí ogójì ọdún ni èyí ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí àjọ náà fi lélẹ̀ ni N6: ẹni tí kò bá lè kà á, ó nílò ìrànlọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà tí ẹ bá mú òbí yín lọ fún àyẹ̀wò ojú, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí. Èkíní, ẹ sọ fún oníṣègùn èdè tí wọ́n lè kà. Bí wọn kò bá mọ̀wé, ẹ ní kí ó lo nọ́ńbà tàbí lẹ́tà E. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Èkejì, kí wọ́n yẹ ojú kan wò lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n bo èkejì, nítorí ojú tó dára máa ń bo àṣírí èyí tó ń kú lọ. Ẹ̀kẹta, ẹ má sọ ohunkóhun sí wọn létí. Ẹ̀kẹrin, ẹ má gbé ohun tí wọ́n ti mọ̀ sórí fún wọn. Ẹ̀karùn-ún, bí wọ́n bá ní ìlà ń wọ́ tàbí òkùnkùn wà láàárín lẹ́tà, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn, nọ́ńbà ni dókítà lò fún Bàbá, irú èyí tó wà lára owó náírà. Ó ní kí n lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí Bàbá jáde, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mo kùnà púpọ̀." Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ kùnà."

Wọ́n fún un ní gíláàsì tí ń sọ lẹ́tà di ńlá, ó sì ń fi ojú ọ̀tún rẹ̀ yẹ wàláà wò fún ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà. Ó ń pẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n báà kò di yáà mọ́dìí rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2018 ni ó padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, kí Ó tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè rẹ̀, kí Ó foríjì mí ní ti ọjọ́ àtíbàbà, kí Ó sì jẹ́ kí àwa tó kù lo ojú wa títí di ọjọ́ alẹ́. Àmín.